Ilé ìwòsàn tí a sáré gbé Sùúrù lọ lálẹ́ ọjọ́ tó jẹ ṣokoléètì: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń sọ pé mo máa kọ nǹkan nípa ilé ìwòsàn ẹranko tí a gbé ajá wa lọ, iṣẹ́ ò jẹ́, àná ni ìyá mi tún bi mí pé ṣé mo ti kọ ọ́, ni mo bá ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́ kí n sinmi. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí mo máa yìn wọ́n, mo sì máa bú wọn díẹ̀, kò wù mí kí ẹnì kan gbé ọ̀rọ̀ mi lọ bá wọn jà lẹ́nu gẹ́tì. Ìbàdàn ni wọ́n wà, apá Àkóbọ̀ lọ́hùn-ún.

Ajá wa, Lásà ni, irú ajá kékeré kan, funfun, irun ẹ̀ máa ń bo ojú, kílò méje péré. Sùúrù lórúkọ ẹ̀. Ìyá mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní orúkọ a máa ro ọmọ, bóyá á ro ajá náà. Orúkọ ò ro ó rárá. Ajá tó jẹ́ pé ẹ ò tíì ṣí ìkòkò tán tó ti ń fò sókè, kí lẹ fẹ́ pe ìyẹn ní sùúrù fún?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mò ń sọ yìí, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní London wálé. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá ti ìlú òyìnbó dé, àpò kún pálọ̀, gbogbo ará ilé ń rìn yípo àpò. Nǹkan bí aago méje ààbọ̀ alẹ́ ni NEPA mú iná lọ, ooru sì mú, gbogbo wa bọ́ síta lọ jókòó, à ń gbọ́ ìròyìn London. Kò sẹ́ni tó rántí pé síìpù àpò kan ṣí sílẹ̀. Nígbà tí iná máa fi dé, aago mẹ́jọ ti ń lọ lù, ọmọ mi ọkùnrin wọlé, mo kàn gbọ́ "Mummy! Ẹ wá wo Sùúrù o!" Mo sáré wọlé, mo bá Sùúrù lábẹ́ àga, ó ń lá ẹnu, bébà dídán ti ya káàkiri ilẹ̀. Ṣokoléètì dúdú ni, gráàmù 100, wọ́n kọ kòkó 70 nínú ọgọ́rùn-ún sí i lára. Ìdajì ló kù. Àbúrò mi ń sọ pé ṣokoléètì olówó gọbọi ni, èmi ń wo ajá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo ti gbọ́ ọ rí pé ṣokoléètì kò dáa fún ajá, mo ṣáà rò pé ó dà bíi ká ní súyà kò dáa fún ọmọdé ni, pé inú lè run ún díẹ̀ kó sì tán. Mo pe ọkùnrin kan ládùúgbò wa tó ń ta oúnjẹ ajá, òun náà ló máa ń bá àwọn èèyàn gún ajá wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára, ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní "Ẹ fún un ní mílíkì mà, tó bá bì í ó tán, tí kò bá bì í náà, ó tán." Ìyá mi ní tiwọn ti gbé ìgò epo pupa dé láti kíṣínì. Mílíkì lápá ọ̀tún, epo lápá òsì. Ìyàwó lándílọ́ọ̀dù wa ló sọ pé kí n dúró ná, ó fún mi ní nọ́ńbà ilé ìwòsàn yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́jú ajá tiwọn nígbà tí parvo, àrùn tó ń mú ajá bì tó sì ń mú un yàgbẹ́ gbuuru, mú un.

Ibí ni mo ti kọ́kọ́ fún wọn ní ìràwọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gbé fóònù. Ní aago mẹ́jọ kọjá alẹ́ Jímọ̀, kò tíì dún lẹ́ẹ̀mẹta tí wọ́n fi gbé e. Dọ́kítà obìnrin kan ni, ohùn ẹ̀ kéré, kò bi mí ní iye tó wà lọ́wọ́ mi, kò ní kí n kọ́kọ́ ra káàdì, nǹkan mẹ́ta ló bi mí: kílò mélòó ni ajá yín mà, irú ṣokoléètì wo ni, aago mélòó ló jẹ ẹ́. Ó ní kí n ka ohun tó wà lára bébà ẹ̀ fún òun. Mo kà á. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ máa gbé e bọ̀ báyìí mà, ẹ mú bébà yẹn dání, ẹ má sì fún un ní epo o." Mi ò sọ̀rọ̀ epo fún un o! Ó ní gbogbo ilé tó bá pe òun lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, epo ti máa ń wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ìyá mi gbọ́ ọ lórí sípíkà, wọ́n gbé ìgò epo wọn padà sí kíṣínì, inú wọn ò dùn.

A dé ibẹ̀ nígbà tí aago mẹ́sàn-án ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ nìyí. Gẹ́tì tì pa, mo fọn fèrè mọ́tò títí, bàbá gáàdì ń wá kọ́kọ́rọ́. Wọ́n mọ̀ pé à ń bọ̀, àwọn ló ní ká máa bọ̀, kí ló dé tí wọn ò sọ fún bàbá? Tá a tún wọlé, iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ò ní epo nínú, tọ́ọ̀ṣì fóònù àbúrò mi ni dọ́kítà fi wọn ajá lórí òṣùwọ̀n nígbà tí ẹnì kan lọ ń bu epo sí jẹnẹ. Ilé ìwòsàn tó kọ "wákàtí 24" gàdàgbà sára ògiri! Mo bínú gan-an lọ́jọ́ yẹn, títí di báyìí tí mò ń kọ ọ́ inú ṣì ń bí mi.

Ṣùgbọ́n dọ́kítà yẹn, kí Ọlọ́run bù kún un. Ọmọdébìnrin ni o, kò lè ju ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lọ, ó sì mọṣẹ́. Ó gún Sùúrù ní abẹ́rẹ́ kan, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ajá fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ó bì, ó bì, ó bì. Bébà dídán jáde pẹ̀lú ẹ̀. Òórùn ṣokoléètì gba gbogbo yàrá, òórùn tó dùn ni o, ìyẹn ló bà mí nínú jẹ́ jù, ó ń rùn bí ọjọ́ ìbí ọmọdé níbi tí ẹ̀mí ajá mi wà lórí tábìlì. Dọ́kítà ń yẹ èébì wò, ó ń fojú díwọ̀n iye tó jáde, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀, òmíràn ti wọ ara lọ.

Nígbà tí à ń dúró ló wá ṣàlàyé fún mi, mo sì fẹ́ kí ẹ ka ibí yìí dáadáa ju ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ lọ. Nǹkan kan wà nínú kòkó tí wọ́n ń pè ní theobromine, ó wà lára ohun tó jẹ́ kí kòkó korò, mọ̀lẹ́bí kan náà ni òun àti caffeine tó wà nínú obì. Ṣé ẹ mọ bí dírẹ́bà ṣe máa ń jẹ obì kí oorun má gbé e lọ lójú ọ̀nà? Tí àwa èèyàn bá jẹ ṣokoléètì, láàárín bíi wákàtí méje sí mẹ́wàá, ara wa ti kó ìdajì theobromine ẹ̀ dànù. Ara ajá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ti ajá, ó máa ń tó wákàtí 17 sí 18 kí ìdajì tó lọ, ìdajì tó kù á ṣì wà nínú ara, á máa lé ọkàn ajá kiri bíi dírẹ́bà tó jẹ obì ogún lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ni mo fi obì ogún kún un o, dọ́kítà ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ó mú bírò, ó ṣe ìṣirò ẹ̀ sẹ́yìn káàdì Sùúrù. Ṣokoléètì dúdú bíi tiwa yìí, ó kéré tán, gráàmù kan ẹ̀ ní bíi mílígráàmù 5 theobromine nínú. Gráàmù 50 ló jẹ, ìyẹn 250. Ẹ pín in fún kílò méje, ó ń lọ sí 36 fún kílò kan. Ó ní láti bíi 20 ni ajá á ti máa bì, tí á máa yàgbẹ́ gbuuru, tí kò ní lè jókòó sójú kan. Tó bá ti di 40 sí 50, ọkàn ló kàn. Tó bá tó 60, gìrì lè mú un. Àárín ni Sùúrù wà. Ká ní ṣokoléètì onímílíkì lásán ni, gráàmù kan ẹ̀ ò ju bíi 2 lọ, iye gráàmù kan náà á jẹ́ 14 fún kílò kan, bóyá inú á kàn dà á láàmú ni. Ká sì ní kòkó lílọ̀ tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò ni, tí gráàmù kan ẹ̀ ju 20 lọ, gráàmù 50 ìyẹn á kọjá 140 fún kílò kan. Ó ní ìyẹn, òun ò fẹ́ sọ. Funfun, tí wọ́n ń pè ní white chocolate, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní theobromine nínú, ọ̀rá ẹ̀ àti súgà ẹ̀ ni wàhálà tiẹ̀, ọ̀rá yẹn lè jẹ́ kí pancreas ajá, ẹ̀yà ara inú ikùn tó ń ṣe omi tó ń mú oúnjẹ dà, wú.

Mo wá rí ìdí tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé "Ajá tèmi jẹ ẹ́, kò ṣe é ní nǹkan kan." Lándílọ́ọ̀dù fúnra wọn sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kejì. Ajá tiwọn, Boerboel ni, kílò 50! Gráàmù 50 ṣokoléètì onímílíkì, mílígráàmù 100 ló wà nínú ẹ̀, ẹ pín in fún kílò 50, méjì péré. Irọ́ kọ́ ni bàbá ń pa, kò ṣe ajá wọn ní nǹkan kan lóòótọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá sọ ọ́ fún ẹni tó ní Lásà, wọ́n ti bá a pa ajá nìyẹn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé inú kòkó ni wọ́n bí bàbá àgbà mi sí. Oko kòkó ni wọ́n ní lápá Oǹdó, nígbà tí mo kéré, tá a bá lọ fún họ́lídè, a máa ń sá kòkó sórí ẹní, ajá oko bàbá á sì máa sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mi ò rí i kó jẹ ẹyọ kan rí. Mo sọ ọ́ fún dọ́kítà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní theobromine kún inú kòkó gbígbẹ yẹn fọ́fọ́, ó korò ni ajá bàbá fi fi í sílẹ̀, òyìnbó ló fi súgà àti mílíkì sí i tó wá di ohun tí ajá ń wá kiri. Ọmọ ìlú tó fi owó kòkó kọ́ Cocoa House ni mí o, láti 1965 ló ti dúró ní Dùgbẹ̀, àfìgbà tí ajá mi fẹ́ kú kí n tó mọ ohun tó wà nínú kòkó.

Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ epo pupa, torí ìyá mi ní kí n bi í. Ó ní epo kì í pa májèlé yìí, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ajá, pàápàá ajá tó ti ń gbọ̀n, ó sì tún jẹ́ ọ̀rá lórí ọ̀rá. Mílíkì náà, bákan náà, kò ṣe nǹkan kan. Iyọ̀ tí àwọn míì ń pò mọ́ omi kí ajá lè bì, ó ní ìyẹn burú jù, iyọ̀ fúnra ẹ̀ lè pa ajá. Kò sí oògùn kan pàtó tó ń pa theobromine, kí wọ́n yára kó o jáde ni, kí wọ́n dènà èyí tó kù, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọkàn ajá títí ara á fi lé e lọ.

Èédú ni wọ́n fi ń dènà ẹ̀. Kì í ṣe èédú tí a fi ń yan àgbàdo o, èyí tí wọ́n ṣe fún ìwòsàn ni, ó kúnná bí àtíkè, wọ́n pò ó mọ́ omi, wọ́n fi síríńjì tí kò lábẹ́rẹ́ rọ ọ́ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo Lásà funfun! Àgbọ̀n dúdú, àyà dúdú, ẹsẹ̀ dúdú, aṣọ ìléwọ́ dọ́kítà dúdú, aṣọ àbúrò mi tó wọ̀ bọ̀ láti London dúdú. Ẹ̀sùn kejì: wọn ò fi nǹkan kan nù ún nígbà tí wọ́n dá a padà fún wa, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi fọ̀ ọ́ kó tó funfun. Wọ́n tún fún un ní èédú lẹ́ẹ̀kejì lóru, torí theobromine tó ti wọnú ara tún máa ń gba inú ìfun padà wá, èédú á wá mú un níbẹ̀.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ ló wá burú. Ká ní mo fi í sílẹ̀ nílé pẹ̀lú mílíkì bí ọkùnrin yẹn ṣe sọ, ilé náà ni ì bá ti bá a, torí ó máa ń tó wákàtí méjì sí mẹ́fà kí àmì ẹ̀ tó yọ, nígbà míì ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó ti sùn. Sùúrù ò lè jókòó. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ojú ẹ̀ là rọ̀dọ̀, ara ẹ̀ ń gbóná, mo gbé ọwọ́ lé e láyà, ó ń lù kìkìkìkì débi tí mi ò lè kà á. Dọ́kítà kà á, ó lé ní 190 ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ti fi dírípù sí i lọ́wọ́, wọ́n fún un ní oògùn tó ń dẹ ọkàn lẹ́sẹ̀, òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóyá gìrì máa dé. Gìrì ò dé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ohun kan tí mi ò rò rárá ni pé, ní gbogbo wákàtí kan sí méjì, ọmọkùnrin kan tó ń bá dọ́kítà ṣiṣẹ́ ń gbé e jáde lọ tọ̀, dírípù lọ́wọ́. Theobromine máa ń wà nínú ìtọ̀, tó bá pẹ́ nílé ìtọ̀, ara á tún fà á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Òru mọ́jú ni wọ́n fi ṣe é, wọn ò ráhùn. Ọmọkùnrin yẹn, mo fún un ní owó, kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà á.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, ibẹ̀ ni ìràwọ̀ karùn-ún ti bọ́ lọ. Kì í ṣe pé ó wọ́n. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦62,000 pẹ̀lú òru méjì tó sùn síbẹ̀, mo ti san jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ilé ìwòsàn èèyàn tí wọn ò tiẹ̀ wò mí lójú. Obìnrin tó wà ní kàńtà ni. Aago mọ́kànlá òru, POS wọn ò ṣiṣẹ́, mo ṣe tránsífà, owó jáde ní báǹkì mi, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, mo fi hàn án, ó ní òun ò mọ ìyẹn, kí n lọ wá ATM. Ní aago mọ́kànlá òru! Àkóbọ̀! Ajá ń gba dírípù, obìnrin yìí ń bi mí pé ta ló máa dúró fún mi. Dọ́kítà ló jáde wá bá a sọ̀rọ̀, ó ní "Ẹ jẹ́ kó di àárọ̀," ọ̀rọ̀ tán. Tránsífà náà wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́, obìnrin yẹn ò sọ pé ẹ má bínú, ó kàn já ríṣíìtì fún mi.

Ṣé mo máa tún padà lọ? Mo máa lọ. Ibi tí wọ́n bá ti lè bi yín ní kílò ajá, irú ṣokoléètì àti aago kí wọ́n tó bi yín lówó, ẹ fara mọ́ jẹnẹrétọ̀ wọn. Ẹni tó bá jìnnà sí Àkóbọ̀, UI náà ní ilé ìwòsàn ẹranko tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dọ́kítà ti ń kọ́ṣẹ́, ẹ wá nọ́ńbà wọn síwájú, ẹ má dúró dìgbà tí ajá bá ń lá ẹnu lábẹ́ àga.

Ohun kan tó kù tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: dọ́kítà ní tó bá jẹ́ ṣokoléètì tí wọ́n kọ "sugar free" sí lára ni, kí n wò ó bóyá wọ́n kọ xylitol síbẹ̀, ohun adùn kan tí wọ́n ń fi rọ́pò súgà, ìyẹn lè já súgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí wákàtí kan, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ ẹ̀ jẹ́. Ó wà nínú ṣíńgọ́ọ̀mù míì náà. Àbúrò mi kó gbogbo ṣíńgọ́ọ̀mù inú àpò ẹ̀ jáde, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ iná. Ó rí ìkan.

Ọjọ́ Àìkú la gbé Sùúrù wálé. Wọ́n pè mí ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti béèrè bó ṣe ń ṣe, mi ò retí ẹ̀, wọn ò gba owó kankan fún un. Ìyá mi ti fi ríṣíìtì náà lẹ ara fìríìjì, wọ́n fi bírò kọ "gbèsè Sùúrù" sí i, wọ́n ní ṣokoléètì tó kù nínú àpò, ilé ìta ni kí wọ́n ti máa jẹ ẹ́. Àpò àbúrò mi ti wà lórí wádíróòbù láti ọjọ́ náà. Sùúrù ṣì ń jókòó sísàlẹ̀ ibẹ̀, ó ń wò ó.